Òpó Ibùdókọ̀ Tó Ń Gun Òkè

Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Wọ́n ti hú ibùdókọ̀ wa lọ. Mo ń to báńdéèjì sínú àpótí lọ́wọ́ ni mo gbọ́ gbì-gbì níta. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ kan ti hú òpó tó wà níwájú ilé ìwòsàn, wọ́n ti tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ bàtà dídán ló ń darí wọn. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ débi pé mi ò rí àyè bú u. Ó ní ọ́fíìsì ètò ìrìnnà ló rán òun wá, ó sì tẹ́ máàpù ńlá kan síwájú ọkọ̀.

"Ẹ wò ó, mà. Láti ibí dé ibi tí ibùdókọ̀ tuntun máa wà, kò ju ìka méjì lọ."

Mo wo ìka rẹ̀, mo wo máàpù náà. "Òkè ńkọ́?"

"Òkè wo, mà?"

Òkè tí a jọ dúró lé lórí ni mo ń wí. Kò sí nínú máàpù rẹ̀. Apá òkè lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ wọn gbà wọlé, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà náà ní ìsàlẹ̀.

Rìn Kí Ara Rẹ Le ni wọ́n pe ètò náà. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ń já àwọn èèyàn sẹ́nu ọ̀nà jù, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń sanra tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi pọ̀. Nítorí náà, kí ibùdókọ̀ jìnnà díẹ̀ sí gbogbo ibi tí èèyàn bá ń lọ. Wọ́n á dán an wò títí ìparí oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n tó pinnu bóyá ó máa dúró bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ yìí, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì gbin òpó náà sínú táyà ògbólógbòó kan, wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ òkè pátápátá. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì wa: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dúró níbòmíràn àyàfi ibi tí òpó bá wà, dẹ́rẹ́bà tó bá rú òfin yìí á sanwó ìtanràn, àfi tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́.

Bọ́ọ̀sì náà á ṣì máa gba iwájú wa kọjá o. Á kàn máa wò wá ni.

Ẹyin ti tún gbówó lórí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Gbogbo ẹni tó wọlé lónìí ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé ajá ló ń lé wọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ìyá Aránṣọ kò wá. Láti ìgbà tí mo ti ń wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, kò pa ọjọ́ kankan jẹ rí, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn. Bàálé mi ní bóyá iṣẹ́ aṣọ ìyàwó ló há a mọ́lé. Mo ní kó má bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ó wá lónìí, nígbà tí mo ti fẹ́ tilẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ ti gba inú báńdéèjì jáde sínú bàtà.

"Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá lọ́jọ́rú?"

"Mo wá. Mo dé ìdajì òkè, ẹsẹ̀ ní òun ò lọ mọ́. Àwa méjèèjì jọ fa ọ̀rọ̀ náà, òun ló borí, mo bá a padà sílé."

Ìtọ̀ ṣúgà ló dá egbò yìí sílẹ̀, ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, ibi tó fi ń tẹ maṣíìnì gan-an. Dókítà àgbà nílé ìwòsàn ńlá ti bá a sọ ọ́ láìfi bò: bí egbò náà ò bá tíì padé títí ìparí oṣù keje, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà. Ìyá Aránṣọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi mí bóyá àwọn oníbàtà máa ń ta ẹsẹ̀ kan ní ìdajì owó. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo ṣe bí ẹni ń wá sísọ́ọ̀sì, mo sunkún.

Kí n máa lọ wẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ ì bá dára, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì ibí. Bí mo bá jáde, ta ló máa dúró? Bàbá Géètì tó ń ṣọ́nà?

Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ọjọ́ tí à ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi ò rí irú èyí rí! Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni mo ń di ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ń fò sókè. Tíṣà Àgbà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tòrò bí omi inú kòkò, tirẹ̀ ló burú jù.

Mo ní, "Ẹ̀ ń bínú sà."

"Èmi ò bínú!" Ó fi igi rẹ̀ gbá ilẹ̀.

Mo fòfin de iyọ̀ fún gbogbo wọn. Mo jókòó, mo kọ ìwé gígùn sí ọ́fíìsì ètò ìlera, mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ìrìnnà: ibùdókọ̀ yín ti sọ gbogbo àdúgbò di alárùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbé e padà kíá. Mo kọ nọ́ńbà gbogbo wọn sí i. Mo kà á fún bàálé mi létí, ó ní bí òun bá jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, òun á ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀.

Ìyá Aránṣọ ò wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo rán Bàbá Géètì pẹ̀lú bárò kó lọ pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Mo fọ bárò náà fúnra mi, mo tẹ́ aṣọ funfun sínú rẹ̀, mo tilẹ̀ fi ìrọ̀rí sí i. Ìyá Aránṣọ wò ó látòkè délẹ̀.

"Ṣé iyanrìn ni mí?"

Bàbá Géètì ní kì í ṣe iyanrìn, mà. Ìyá Aránṣọ ní àbí bíríkì ni òun? Títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi, báàgì rẹ̀ ló wà nínú bárò, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, Ìyá Aránṣọ sì ń tiro bọ̀ lẹ́yìn. Egbò náà ti fẹ̀ sí i. Inú bí mi, mo pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé mi ò mọ̀ pé ó jù mí lọ. Ó jẹ́ kí n parí, ó ní ara aṣọ iṣẹ́ mi ti ń fún mi lápá, kí n mú un wá kí òun bá mi tú u.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Bọ́ọ̀sì kú níwájú wa lónìí!

Dẹ́rẹ́bà tí gbogbo wa ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló wà á. Ó gun òkè bọ̀ jẹ́jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà wa gẹ́ẹ́, ó ní "Yéè!", ọkọ̀ dákẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó ń wo ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Níbi tó ti ń wò ó, àwọn aláìsàn ń bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Aránṣọ ló kẹ́yìn, ó bọ́ sílẹ̀ bí olorì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kanlẹ̀ báyìí, ọkọ̀ jí.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ké sí mi, "ọkọ̀ yìí ń ṣàìsàn o. Bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ òun wò."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ojoojúmọ́ ni bọ́ọ̀sì ń kú, ojoojúmọ́ ló ń jí. Ara tuntun ti ń yọ ní etí egbò Ìyá Aránṣọ, ó pupa, ó mọ́ tónítóní. Mo pe bàálé mi wá wò ó. Ó ní òun ń jẹun lọ́wọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n ti mú Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló mú un o, ọ́fíìsì ni. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń bàjẹ́ níbì kan náà lójoojúmọ́ nílò ìtọ́jú tó jinlẹ̀, ni wọ́n bá wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n sì ní kí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ máa jókòó ní ọ́fíìsì títí ara ọkọ̀ á fi yá. Mẹkáníìkì ní òun ò tíì rí ẹ́ńjìnnì tó lera tó bẹ́ẹ̀ rí. Bọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ẹni tó ń wà á kì í rí wa rárá, eré ló máa ń sá kọjá. Bàbá Géètì ti sọ ọ́ ní Iná-Ń-Jó.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Ìyá Aránṣọ ò wá.

Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Èsì ìwé mi dé. Ọ́fíìsì méjèèjì ló buwọ́ lù ú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi fún nọ́ńbà tí mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ó ba àwọn lẹ́rù. Wọ́n ní ó ti hàn gbangba pé àwọn èèyàn òkè yìí kì í rìn tó, nítorí náà, láti ìparí oṣù keje, wọ́n á tún ti ibùdókọ̀ náà síwájú, sí òdìkejì afárá.

Òdìkejì afárá!

Mo ka ìwé náà ní ìdúró, mo kà á ní ìjókòó. Ọ̀gbẹ́ni Máàpù, ọ̀dọ́mọkùnrin oníbàtà dídán yẹn, á wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù keje, láti wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé òun ń kí mi. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n kí.

Èmi ni mo kọ̀wé náà. Èmi náà ni mo fi gègé pupa fàlà sí i.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni à ń gbé, èmi kì í gun òkè yẹn láti lọ síbi iṣẹ́. Bàálé mi lọ ra búrẹ́dì nísàlẹ̀ láàárọ̀. Bó ṣe wọlé, mo kàn fi ẹ̀rọ dì í lápá, mo ń fi í ṣeré ni. Nọ́ńbà rẹ̀ náà fò sókè bí ti àwọn yòókù. Mo gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo da iyọ̀ inú ìgò nù. Mo bú sẹ́kún, mo ní ṣé bó ṣe fẹ́ fi mí sílẹ̀ nìyí pẹ̀lú gbogbo àwọn ọmọ?

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé kí n jókòó ni àbí kí n ti máa kú ní ìdúró?"

Ó jókòó. Ó ní bí òun bá tilẹ̀ máa kú, kí òun ka ìwé ìròyìn tán. Mo lọ bọ́jú. Nígbà tí mo padà dé, mo tún un wọ̀n. Nọ́ńbà ti sọ̀kalẹ̀. Mo tún un wọ̀n lápá kejì. Ó tòrò bí ti ọmọ ọwọ́.

Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ nìyẹn, tí mo di ẹ̀rọ mú. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Òkè ni. Àwọn èèyàn á gun òkè tán, wọn ò tíì mí dáadáa, èmi á ti di ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni pé kí aláìsàn kọ́kọ́ sinmi. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni bọ́ọ̀sì ń já wọn sí, wọn á ti sinmi tán kí n tó pè wọ́n, ìyẹn ni mo fi gbàgbé. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo bàálé mi. Òun náà ò bú mi. Ó kàn bi mí pé ibo ni mo da iyọ̀ sí.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo kọ ìwé mìíràn sí ọ́fíìsì méjèèjì, mo ṣàlàyé àṣìṣe mi, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ sí i láìfi nǹkan kan pa mọ́. Lẹ́yìn náà, mo lọ sílé Tíṣà Àgbà. Mo kúnlẹ̀. Oúnjẹ aláìníyọ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ máa jẹ iyọ̀ sà. Kò sóhun tó ṣe yín."

Ó gbójú sókè wò mí. "Láti ìgbà wo ni kò ti sóhun tó ṣe mí?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ sà. Òkè yẹn ni. Òpó tí wọ́n gbé lọ yẹn ni."

Ó fi ṣíbí sílẹ̀. "Gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ yẹn," ó ní, "òpó ni mo jẹ ẹ́ fún?"

Ó ní kí n dìde, òun ò bá mi jà. Ó ní òpó ni òun máa bá jà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù keje

Bàbá Géètì ní òpó náà ti kúrò níbi tó wà. Mo ní ibo ló lọ? Ó ní kò jìnnà, ó kàn sún sókè díẹ̀ ni, ó ti kọjá ilé oníbúrẹ́dì. Mo ní àgbàrá ló gbé e. Ó ní àgbàrá tó ń ṣàn lọ sókè.

Iná-Ń-Jó bá ara rẹ̀ níbẹ̀ lójijì, ó tẹ bíréèkì, gbogbo èrò ṣubú lu ara wọn. Kò lè rú òfin. Ibi tí òpó bá wà ni.

Ajé, ọjọ́ kẹfà

Òpó ti dé ìloro káfíńtà. Ìyá Aránṣọ wá! Ó ní òkè náà ti kúrú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Ó ti dé ibi igi ńlá. Ọṣẹ ti gbówó lórí, wọ́n sì tún dín in kù.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Tíṣà Àgbà wá kí n fi oògùn sí ìka rẹ̀ tó bó. Sìmẹ́ǹtì wà ní èékánná rẹ̀.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́ sà?"

"Eré ìdárayá." Ó mú ìwé kan jáde nínú àpò, ọ̀rọ̀ inú ìwé tí wọ́n lẹ mọ́ géètì wa ni, ó ti dà á kọ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára. "Mo ti kà á tán. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé òpó ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Èmi àti gbogbo ẹni tí o fòfin iyọ̀ dè, a máa ń pàdé láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, a ó gbé táyà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó yí i díẹ̀, a ó lọ jẹun."

Mo ní, "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o, sà."

"Ìyẹn dára. Wọn ẹ̀jẹ̀ mi."

Mo ní kó kọ́kọ́ sinmi. Ó sinmi, mo wọ̀n ọ́n. Ọdún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dára tó báyìí, mi ò rántí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Òpó ti padà sẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá Géètì kí i káàbọ̀. Egbò Ìyá Aránṣọ ti kéré gan-an, ṣùgbọ́n kò tíì padé. Mo ń ka ọjọ́, inú mi ò balẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Máàpù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì mọ ohun tó máa ṣe bó bá rí òpó yìí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ bóyá mo lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Máàpù wọ bọ́ọ̀sì wá, kó lè fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá Aránṣọ jókòó lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ròyìn apá yìí fún mi. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, Ọ̀gbẹ́ni Máàpù dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èrò. Bọ́ọ̀sì kọjá.

"Ẹ ti kọjá ibùdókọ̀ o!"

"Kò tíì dé, sà," ni Iná-Ń-Jó wí. "Ẹ fara balẹ̀."

Wọ́n kọjá oníbúrẹ́dì, wọ́n kọjá káfíńtà, wọ́n kọjá igi. Níwájú wa ló já a sí. Ó wo òpó, ó tú máàpù rẹ̀, ó tún wo òpó. Tíṣà Àgbà jáde látinú yàrá ìdúró pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kà á sókè."

Ẹ gbà mí o, ó kà á! Ó nàró ṣánṣán, ó kà á bí ọmọ ilé ìwé: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dúró níbòmíràn àyàfi ibi tí òpó bá wà.

"Ibo ni òpó wà?"

"Ibí ni, sà. Ṣùgbọ́n ibí kọ́ la fi í sí, sà."

"Ẹ ní ká máa rìn. À ń rìn. Òpó bá wa rìn."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Etí ọmọ náà pọ́n. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n òpó náà gbọ́dọ̀ padà sísàlẹ̀ lónìí, títí àwọn á fi pinnu. Tíṣà Àgbà ní ó dára, kó máa gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Ó gbé báàgì àti máàpù rẹ̀ fún mi, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gbé táyà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Sókè ni àwọn alágbà wa máa ń yí i. Kò sẹ́ni tó yí i sísàlẹ̀ rí. Kò pẹ́, òpó ló wá ń fa Ọ̀gbẹ́ni Máàpù. Ó ní "Háà!", ó ní "Dúró!", bí ẹni pé táyà létí. Nígbà tó yá, òpó já gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí lọ gbirigbiri, Ọ̀gbẹ́ni Máàpù ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà dídán, oníbúrẹ́dì gbé tábìlì rẹ̀ sá. Inú gọ́tà nísàlẹ̀ pátápátá ni òpó náà balẹ̀ sí. Ọpẹ́ ni pé kò gbá ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ mi ni báàgì rẹ̀ wà, nítorí náà ó di dandan kó padà gòkè. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bàtà rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Mo fi í jókòó, kó tó lè fọhùn, mo ti di ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe lọ́tẹ̀ yìí, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ó rí ojú mi. "Mà, ṣé kò burú?"

"Ká ní oṣù tó kọjá ni, ǹ bá ti gba iyọ̀ lọ́wọ́ yín."

Ẹ̀rù bà á débi pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó máa sinmi. Ìyá Aránṣọ tó jókòó ní ìdojúkọ rẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kí n lè wẹ egbò rẹ̀, ti ń wò ó látìgbà yẹn.

"Ọmọ mi, ṣòkòtò rẹ ti ya nídìí. Bọ́ ọ, kí n bá ọ rán an."

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó fọwọ́ kan ibẹ̀, kò kọ̀ mọ́. Ni aṣojú ọ́fíìsì ètò ìrìnnà bá ró aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa mọ́dìí, ó jókòó, kò síbi tó lè gbójú lọ àfi àtẹ́lẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ. Ó wò ó títí.

"Mà, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Egbò ni. Wọ́n fẹ́ gé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí kò bá padé." Ó fi eyín já òwú. "Òun ni mo fi ń tẹ maṣíìnì. Ọwọ́ ni mo fi ń rán tìrẹ yìí nítorí pé maṣíìnì wà nílé."

"Ẹ fi ẹsẹ̀ yìí gun òkè yẹn?"

"Nígbà tó bá gbà. Nígbà tí kò bá gbà, mo máa ń padà sílé."

Mo tún Ọ̀gbẹ́ni Máàpù wọ̀n, nọ́ńbà ti sọ̀kalẹ̀, mo fi hàn án, mo sì sọ àṣìṣe mi fún un lójú gbogbo wọn. Ó ní ìwé mi kejì ò dé ọ̀dọ̀ òun. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n fún òun ní máàpù òun. Ó tẹ́ ẹ sórí itan nínú aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ pẹ́ńsù, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni òkè yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n mú òpó tuntun wá, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ gbọingbọin lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n yọ ti gọ́tà, wọ́n gbé òun náà dúró nísàlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Máàpù kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ẹni tó bá lè rìn, tó sì wù ú, kó bọ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn, kí bọ́ọ̀sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ afárá ti kúrò nílẹ̀. Wọ́n ti dá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà padà, ó ní ara ọkọ̀ òun ti yá.

Ọ̀la ni wọ́n máa yẹ ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ wò nílé ìwòsàn ńlá. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́

Ó ti padé. Wọn ò gé nǹkan kan.

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Mo dúró ní géètì láti wo bí Ìyá Aránṣọ ṣe máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Nǹkan tí mo ti ń retí láti oṣù kẹfà nìyẹn, mo tilẹ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ tó bá mi tú. Bọ́ọ̀sì dé jẹ́jẹ́, ó dúró níwájú òpó wa. Gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀. Kò sí nínú wọn.

"Ìyá Aránṣọ dà?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò lè wojú mi. "Ó ti bọ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, Àǹtí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí."

Mo sáré bọ́ sójú ọ̀nà. Ó wà lọ́hùn-ún, ní ìloro káfíńtà, ó ṣí agboòrùn, ó wọ bàtà méjèèjì, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń dúró kí àwọn èèyàn, ó ń tọ́ka sí àléébù ara aṣọ wọn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí a ṣe! Òpó wà níbí! Ta ló ní kẹ́ ẹ rìn?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n rìn," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìdí tí mo fi rìn nìyẹn."

Mo bọ́ bàtà rẹ̀, mo yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ náà wò. Ó gbẹ dáadáa. Ó na apá sí mi kí n wọn ẹ̀jẹ̀ òun. Mo ní kó kọ́kọ́ jókòó.